Iná Tó Ń Lọ Sókè Sódò àti Ohùn Ẹ̀rọ Orin ní Eggua

Ẹ̀rọ asẹ́ná, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní power conditioner, jẹ́ àpótí tí a ń fi sáàárín iná ara ògiri àti ẹ̀rọ orin kí ó lè tún iná náà ṣe kí ó tó wọlé. Bóyá ó ń mú ohùn dára sí i tàbí kò mú un dára jẹ́ ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, nítorí irú iná tí ń wọlé ni yóò kọ́kọ́ fi hàn bóyá ohun kan wà láti tún ṣe. Ní London tàbí ní Tokyo, níbi tí iná kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ̀ kúrò lórí ìwọ̀n rẹ̀, àwọn olówó tó fẹ́ràn orin ṣì ń ná ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lórí àpótí yìí, kódà àwọn kan wà ní Japan tí wọ́n ri òpó iná àti tiransifọ́mà tiwọn mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà bá aládùúgbò pín iná. Ọ̀rọ̀ Eggua, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Yewa ní ìpínlẹ̀ Ògùn, yàtọ̀ sí èyí.

Ìwọ̀n tí a là kalẹ̀ fún iná ilé ní Nàìjíríà ni 230 fóòtì, fóòtì sì ni òṣùwọ̀n agbára tí ń ti iná lọ nínú wáyà. Ilé-iṣẹ́ IBEDC, tí ó gba iṣẹ́ pínpín iná lẹ́kùn yìí nígbà tí ìjọba fi àwọn ẹ̀ka PHCN, ilé-iṣẹ́ iná ìjọba àpapọ̀, lé aládàáni lọ́wọ́ ní November 2013, ń fi ìlà gígùn gbé iná dé àwọn ìlú ẹnubodè bí Eggua, bí wáyà bá sì ti gùn tó, tí àwọn tí ń lò ó sì ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni fóòtì tí ń ṣòfò lójú ọ̀nà ṣe ń pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí ilé tó wà ní ìparí ìlà fi máa ń rí iná pupa rẹ́súrẹ́sú lálẹ́, tí fóòtì kan náà yóò sì tún gòkè lóru nígbà tí àwọn ènìyàn bá ti pa ẹ̀rọ wọn. Láti ọdún 2007 ni ìlà 330,000 fóòtì ti ń gbé iná Nàìjíríà láti Ikeja West lọ sí Sakété, ìlú Yorùbá tó wà ní ilẹ̀ Benin, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè já irú ìlà bẹ́ẹ̀ wọ ilé láìsí ibùdó ńlá tí yóò kọ́kọ́ sọ fóòtì rẹ̀ kalẹ̀, nítorí náà ìlú lè súnmọ́ ọ̀nà iná ńlá kí ó má rí nǹkan kan gbà níbẹ̀.

Áńpìlífáyà, ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn kékeré di ńlá, kì í lo iná ìlà bí ó ṣe wọlé. Iná ìlà ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tiransifọ́mà inú ẹ̀rọ yóò yí fóòtì rẹ̀ padà, dáyóòdù yóò darí rẹ̀ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, kapásítọ̀ yóò sì tọ́jú rẹ̀ bí àmù ṣe ń tọ́jú omi. Inú àmù yìí ni a ti ń bu gbogbo ohùn tí sípíkà ń gbé jáde. Nítorí náà, púpọ̀ nínú ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ tí ẹ̀rọ asẹ́ná lè mú kúrò lórí ìlà ni áńpìlífáyà tí wọ́n ṣe dáadáa ti ń mú kúrò fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rédíò AM yàtọ̀, nítorí pé ariwo gílóòbù LED àti ti ṣájà fóònù máa ń gba wáyà iná wọ inú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀ràn gbé wúwo ni kí àmù náà má kún. Nínú áńpìlífáyà àtijọ́ tó ní tiransifọ́mà wúwo, bí 230 fóòtì bá di 160, tí í ṣe nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, agbára tí ẹ̀rọ lè gbé jáde kò ní dúró sí ìdá 70, nítorí ìlọ́po fóòtì ní ara rẹ̀ ni agbára ń tẹ̀ lé: yóò já sí nǹkan bí ìdá 48, tí ẹ̀rọ 500 wáàtì yóò fi ku nǹkan bí 240. Etí kì í sì í ka èyí sí ìdajì. Decibel mẹ́ta péré ni lórí òṣùwọ̀n ìròkè ohùn, ìyàtọ̀ kékeré. Ewu rẹ̀ ni pé oní-ẹ̀rọ, tó gbọ́ pé ohùn rẹlẹ̀ díẹ̀, yóò yí i sókè, ẹ̀rọ tí kò ní agbára mọ́ yóò máa gé orí ìgbì ohùn, ohùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, gígé náà yóò sì di ohùn tíńrín púpọ̀ tí ń jó sípíkà kékeré. Sípíkà tí wọ́n ní ó jẹ́ ayédèrú lè jẹ́ pé iná tí kò tó ló pa á.

Sítébíláísà, ẹ̀rọ tí ń gbé fóòtì sókè tàbí tí ń sọ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi súnmọ́ 230, ni ó ń wo àìsàn yìí, kì í ṣe asẹ́ná olówó iyebíye. Kò wẹ iná mọ́ rárá, ariwo “tá, tá” tí ń ti inú rẹ̀ wá sì ni suwíìṣì rẹ̀ tí ń pààrọ̀ ibi tó dì mú. Láti sọ 160 di 230, ó ní láti fa nǹkan bí ìlọ́po 1.4 iná lára ìlà, èyí tó túmọ̀ sí pé bí sítébíláísà bá ti ń pọ̀ ládùúgbò, bẹ́ẹ̀ ni fóòtì àwọn tí kò ní yóò máa lọ sílẹ̀ sí i. Àwọn ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n kọ 100–240V sí lẹ́yìn kì í sábà nílò rẹ̀. Síbẹ̀, ohun èlò tí ń gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ iná àpọ̀jù wúlò fún gbogbo wọn, nítorí bí wáyà neutral, tí iná ń gbà padà, bá já lórí òpó, fóòtì tó súnmọ́ 400 lè wọ ilé.

Ìkùn hùùù tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláàsì ń bá jà jẹ́ ọ̀ràn mìíràn pátápátá. Ó sábà máa ń wáyé nígbà tí mísà, tí ń pa ohùn oríṣiríṣi pọ̀, àti áńpìlífáyà bá gba ọ̀nà méjì kan ilẹ̀, tí iná díẹ̀ sì ń yípo láàárín wọn nínú wáyà ohùn. Àpótí asẹ́ná kì í sábà gé ìyípo yìí. Kí a so ẹ̀rọ méjèèjì mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà tó ní wáyà ilẹ̀ tó dára, kí a sì lo wáyà ohùn onílà mẹ́ta, ló ń lé e lọ, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Ní ti ẹ̀rí àwọn tó ń sọ pé asẹ́ná ti sọ orin wọn di tuntun, ìdánwò tó ṣeé gbára lé ni èyí tí olùgbọ́ àti ẹni tí ń darí ìdánwò kò ní mọ ìgbà tí àpótí wà lójú iná àti ìgbà tí kò sí níbẹ̀, tí wọ́n sì ti mú ìròkè ohùn dọ́gba, nítorí etí máa ń pe ohùn tó ròkè díẹ̀ ní ohùn tó dára jù. Irú ìlànà yìí wà nínú ìwé BS.1116 ti ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀. Ẹni tó mọ iye tí òun san fún àpótí kò lè fi etí ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí.

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti fòpin sí owó ìrànwọ́ epo ní oṣù May 2023, tí epo jẹnẹrétọ̀ sì wọ́n, ínfátà, ẹ̀rọ tí ń sọ iná bátìrì di irú iná ìlà, àti iná oòrùn ni ọ̀pọ̀ ilé ń yíjú sí, ìṣòro ohùn sì ti bá wọn lọ síbẹ̀. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú kì í mú ìgbì iná tó ń lọ geere bí ti ìlà jáde. Igun igun ni tirẹ̀, àwọn igun yẹn a sì máa mú tiransifọ́mà áńpìlífáyà kùn, kí ó gbóná, kí ìkùn náà sì dé inú sípíkà. Asẹ́ná kékeré kò lè sọ igun di ìgbì, nítorí náà ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ràn orin wá lára ínfátà kí ó tó sanwó ni àkọlé pure sine wave, èyí tó túmọ̀ sí ìgbì tó ń lọ geere.