Àwo Fíìmù Àti Fíìmù Orí Fóònù: Èwo Ni Tẹni?

Àwọn àgbà ní, ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Nígbà tí a wà ní kékeré ní Òkè-Ìlá, l'Adó-Èkìtì, àwo fíìmù ni ará ilé máa ń yá ara wọn. Lónìí, fóònù ló gbòde.

Àwo VCD kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 80 lọ. Ìdí nìyí tí fíìmù tó gùn fi ń gba àwo méjì. Bí ara rẹ̀ bá sì họ, àwòrán a máa há.

Ti orí fóònù kì í họ, ṣùgbọ́n dátà ń jẹ owó. Bí a bá gba Aníkúlápó, fíìmù Kúnlé Afọláyan ti ọdún 2022, sílẹ̀ láti orí Netflix, a kò lè yá ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí a kò bá san owó oṣooṣù mọ́, ó parí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra àwo Ṣaworoidẹ, fíìmù Túndé Kèlání ti ọdún 1999, tirẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí á máa fi fóònù ṣe fàájì. Ṣùgbọ́n àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, tí à ń kọ àpilẹ̀kọ lórí àwọn fíìmù wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí á kó àwo wọn jọ sí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa kí wọ́n tó bàjẹ́ tán.