Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ta ni kó júwe ọ̀nà nínú géèmù?

Àwọn géèmù kan wà tó jẹ́ pé odidi ayé ni wọ́n ṣí sílẹ̀, ibi tó bá wù yín lẹ lè gbà. Báwo wá lẹ ṣe fẹ́ mọ ibi tó kàn?

Nínú Morrowind (2002), àfi kí ẹ bèèrè ọ̀nà. Ẹni tó rán yín níṣẹ́ á júwe rẹ̀ lẹ́nu: ẹ gba ìhà àríwá, ẹ kọjá afárá, ẹ yà lẹ́yìn àpáta. Àpèjúwe mìíràn ò tiẹ̀ péye, èèyàn á sì ṣìnà dáadáa. Nígbà tí Oblivion, géèmù tó tẹ̀ lé Morrowind, dé ní 2006, wọ́n fi ọfà sórí kọ́ńpáàsì. Ó rọrùn lóòótọ́, àmọ́ ọfà lojú ń wò, a ò rí igbó tí à ń kọjá mọ́. Ó dùn mí.

Ghost of Tsushima (2020) ló wù mí jù. Ẹ fi ìka ra ojú páàdì sókè, atẹ́gùn á fẹ́ lọ síhà ibi tí ẹ ń lọ. Koríko á tẹ̀, ewé á máa fò, ojú yín ò sì ní kúrò lára ilẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, tí oorun ti ń kùn, kò lè máa rìn gbéregbère kiri. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ti Assassin's Creed Odyssey (2018): ó ní kí kálukú yàn, yálà àmì tààrà lórí máàpù, tàbí àpèjúwe tí èèyàn á fi wá ibẹ̀ fúnra rẹ̀.