Ṣọ́ọ̀ṣì Alámọ̀ Ìjàyè: Ogun Run Ilé, Kò Run Ìgbàgbọ́

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ wo Ọjà Tuntun n'Ìlọrin dáadáa. Ẹni tó ń ta èlùbọ́ lè jẹ́ ọmọ Ìlọrin tó ń kírun, kí ẹni tó pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó jẹ́ Onítẹ̀bọmi láti ayé ìyá ìyá rẹ̀. Àmọ́ mélòó nínú wọn ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Ìlọrin wà nínú bí ẹ̀sìn náà ṣe dé Ògbómọ̀ṣọ́? Mélòó ló sì mọ̀ pé Ìjàyè ni ilé ìsìn Onítẹ̀bọmi àkọ́kọ́ nílẹ̀ Yorùbá wà, tí ogun sì pa á rẹ́?

SÓJÀ DI ONÍWÀÁSÙ

Thomas Jefferson Bowen ni òyìnbó tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọmọ Georgia l'Amẹ́ríkà ni, ó sì ti ṣe sójà rí ní Texas. Ọdún 1850 ló gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Igbóhò ló fẹ́ lọ, ogun ò jẹ́ kó rọ́nà gbà, ló bá dúró l'Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ló wà lóṣù kẹta ọdún 1851 nígbà tí ogun Dàhòmì wá bá Ẹ̀gbá, tí Ẹ̀gbá sì lé wọn padà.

Ó padà sílé lọ gbéyàwó. Lọ́dún 1853, òun àti Lurana, aya rẹ̀, tún wọkọ̀ ojú omi wá. Ìjàyè ni wọ́n forí lé.

Ìjàyè ayé ìgbà náà, ìlú ojú ogun ni. Àwọn tí ogun lé kúrò ní ìlú baba wọn ló kún ibẹ̀. Ààrẹ Kúrunmí ni olórí wọn, ohun tó bá sì ti sọ, abẹ gé e. Síbẹ̀ ó gba àwọn àlejò náà láyè.

Níbi tí Bowen ti wá, ìtì igi ni àwọn tó ń tẹ ìlú tuntun dó sínú igbó máa ń tò léra wọn fi ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Tiwa kọ́ nìyẹn. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ti Ìjàyè, koríko ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀. Ẹ̀yin bíríkìlà mọ iṣẹ́ náà: ẹ ó po amọ̀, ẹ ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ipele kan yóò gbẹ kí ẹ tó gbé òmíràn lé e. Ọdún 1854 ni ilé náà dúró.

ÌLỌRIN NÍ RÁRÁ

Lọ́dún 1855, Bowen dé Ìlọrin, níbi tí ọjà òkè Haúsá àti ti etí òkun ti ń pàdé. Ẹ́míà Shita ló wà lórí oyè. Wọ́n gbà á lálejò, wọn ò fún un nílẹ̀. Ìlú Mùsùlùmí ni, wọn ò fẹ́ míṣọ́nnárì láàárín wọn. Ló bá lọ tẹ̀dó sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún náà gan-an. Ohun tí Ìlọrin kọ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ gbà á. Nígbà tó di 1856, ó padà s'Amẹ́ríkà, kò sì tún ilẹ̀ Yorùbá rí mọ́ títí ó fi kú ní 1875.

OGUN DÉ

Lọ́dún 1859, Aláàfin Àtìbà wàjà. Àṣà àtijọ́ ni pé kí àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú, ṣùgbọ́n Adélù jọba. Kúrunmí ní òun ò gbà. Ìbàdàn ní àwọn gbà. Ní 1860, ogun bẹ́. Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, síbẹ̀ ìyàn mú. Ìyá tí kò rí oúnjẹ fọ́mọ mọ́ ń fà á lé àwọn míṣọ́nnárì bíi Phillips àti Stone lọ́wọ́, wọ́n sì kó àwọn ọmọ náà lọ s'Abẹ́òkúta. Kúrunmí kú ní 1861. Lóṣù kẹta 1862, Ìjàyè fọ́. Ilé alámọ̀ náà bá ìlú lọ.

Ogun abẹ́lé tún bẹ́ l'Amẹ́ríkà ní 1861, títí di 1865. Owó ò wọlé mọ́. Àwọn òyìnbó ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí kò fi ku ẹyọ kan. Ta ló wá dá iná náà sí? Àwọn èèyàn dúdú ni. L'Ékòó, Sarah Harden, opó, wà níbẹ̀. Moses Ládèjọ Stone, tí míṣọ́nnárì tọ́, náà wà níbẹ̀. Nígbà tí òyìnbó padà dé ní 1875, wọ́n bá iná nínú ààrò.

Àwọn ará Ìjàyè tó sá lọ s'Abẹ́òkúta gbé orúkọ ìlú wọn dání. Àdúgbò Ìjàyè wà níbẹ̀ dòní, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ láti 1898, ọsibítù sì tẹ̀ lé e ní 1907.

Orúkọ Bowen wà lára yunifásítì n'Ìwó. Ṣùgbọ́n àwọn tó pọn omi, tó po amọ̀, tó ru koríko n'Ìjàyè ńkọ́? Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ bi àwọn àgbà yín kí wọ́n tó lọ: ta ló mọ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò yín? Káfíńtà wo ló kan òrùlé mọ́sáláṣí yín? Àwọn ìyá wo ló dáwó rẹ̀? Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ògiri á wó, orúkọ tí a kọ sílẹ̀ kì í wó.