Ìdí tí Onagawa fi yè, tí Fukushima fi bàjẹ́

Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Japan lọ́jọ́ kọkànlá, oṣù kẹta, ọdún 2011, ilé iṣẹ́ tó ń fi agbára núkílíà pèsè iná mànàmáná ní Onagawa ló sún mọ́ ibi tí ó ti ṣẹ̀ jù. Síbẹ̀, ti Fukushima Daiichi ló bàjẹ́. Kí ló fà á?

Bí ilẹ̀ ti mì, àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dáwọ́ dúró fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ooru inú wọn dà bí ẹ̀yinná abẹ́ eérú, kì í tán bọ̀rọ̀. Omi gbọ́dọ̀ máa tù ú. Ní Fukushima, iná mànàmáná láti ìta já, jẹnẹrétọ̀ sì gba iṣẹ́. Kò pé wákàtí kan tí ìgbì òkun fi dé, tó bo jẹnẹrétọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé. Inú ẹ̀rọ mẹ́ta yọ́. Àwọn tó lé ní 150,000 sá kúrò nílé.

Òkè tó ga tó mítà 35 ni wọ́n gé wálẹ̀ sí mítà 10 láti kọ́ Fukushima, kí iṣẹ́ lè rọrùn. Onagawa wà lórí ilẹ̀ tó ga tó nǹkan bíi mítà 14; ìgbì mítà 13 kò borí rẹ̀. Àwọn ará ìlú tí omi gba ilé wọn tilẹ̀ sá lọ forí pamọ́ síbẹ̀.

Títí dòní, wọn kò tíì palẹ̀ Fukushima mọ́ tán. Àbámọ̀ ní ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn.