Ẹ̀yìn Àpò Gàrí

Wolé-wolé kì í gba iwájú wọ búkà. Mo tẹ̀ lé méjì nínú wọn, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, ní ìhà Ọjà Ọba ní Ọ̀wọ̀ láàárọ̀, nígbà tí odó iyán kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹ̀yìn ni wọ́n gbà, níbi tí omi ìfọbọ́ ti ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Obìnrin náà kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá," kí ìyá olóúnjẹ tó mọ̀ pé iṣẹ́ ìjọba ló gbé e wá. Ìkíni yẹn ṣílẹ̀kùn ju káàdì ọrùn rẹ̀ lọ.

Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ń hó lórí ààrò. Ọkùnrin náà, tó jẹ́ ọ̀gá, kò bojú wò ó. Ó ní kí wọ́n bá òun fa àpò gàrí kúrò lára ògiri, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìgbẹ́ eku ló wà níbẹ̀, wínníwínní, dúdú, ó ti gbẹ.

"Ìgbà wo lẹ gbé àpò yìí síbí, màmá?"

"Àná òde yìí ni o, ọ̀gá mi."

Ó fi ìka kan nu eruku orí àpò náà, ó wo ìka ọ̀hún, kò sì fèsì.

Níbòmíràn, ọ̀rọ̀ ọ̀bùn lásán ni ìgbẹ́ eku. Ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá ibà Lásà mọ̀, ní ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Bọ̀rnó, ṣùgbọ́n apá ọ̀dọ̀ wa níbí ló wá fi ṣe ilé. Lọ́dún 2020, àyẹ̀wò fi hàn pé ó mú àwọn tó ju 1,000 lọ ní Nàìjíríà. Oǹdó àti Ẹdó ló kó èyí tó pọ̀ jù. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní FMC, wà lára ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ni kòkòrò náà wà. Ó lè lo ọjọ́ 6 sí 21 lára èèyàn kí ibà tó gbé e dè, nítorí náà ẹni tó jẹun ní búkà lọ́sẹ̀ tó kọjá kò ní rántí búkà mọ́.

Iná ń pa kòkòrò náà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá fi kọ ẹ̀yìn sí ọbẹ̀ tó ń hó. Gàrí ni kò ní alágbàwí: wọ́n ti yan án tán, eku wá tọ̀ sí i, ẹlòmíràn á da omi tútù lé e, á máa mu ún. Àwọn wolé-wolé ayé àwọn bàbá wa, tanwíjí ni wọ́n ń wá nínú àmù omi. Ti àsìkò yìí, ibi tí eku sùn.

Ìwé àyẹ̀wò ara àwọn ọmọ tó ń bu oúnjẹ kò gba àkókò: méjì ní, ọ̀kan kò ní. Kànga ní ìdérí. Wọ́n ní kí màmá ra ike gàrí olómorí tó dé gírígírí, ó sì gbà.

Ihò àjà ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó wà lókè ibi tí àpò wà gan-an, ó gba ìkúùkù. "Mo ti sọ fún lánlọ́ọ̀dù títí ẹnu fi bó," ni màmá wí. "Owó ilé nìkan ló ń gbọ́." Mo gbà á gbọ́. Ẹni tó ń dáná ni ìwé ìkìlọ̀ máa ń bá nílé, kì í ṣe ẹni tó kọ́lé, bẹ́ẹ̀ òfin ìlera fàyè gbà á kí wọ́n fìwé lé onílé lọ́wọ́ bí àbùkù bá jẹ́ ti ilé. Kí ni ike olómorí yóò ṣe fún eku tó ní ọ̀nà tirẹ̀ wọlé?

A kúrò níbẹ̀ lọ sí Ìfọ́n, lójú ọ̀nà Benin. Láfún wà nílẹ̀ létí títì, wọ́n sá a. Wọ́n bá olóhun sọ̀rọ̀, ó kó o. Ìyá kan tó ń ta ẹran ìgbẹ́ kò gbà ní tirẹ̀: "Ẹran tá a yan dúdú báyìí, kòkòrò wo ló kù nínú ẹ̀?"

"Kò sí níbi tẹ́ ẹ ti yan án, ìyá," ni obìnrin wolé-wolé dáhùn. "Ọwọ́ ẹni tó tú ìfun rẹ̀ ló wà. Ta ló ń tú u?"

"Àwọn ọmọ mi ni."

Ìjókòó lórí àga kékeré ló kù, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ àti ọṣẹ títí.

Nínú mọ́tò, ọ̀gá pe lánlọ́ọ̀dù Ọ̀wọ̀ lórí fóònù. Ọkùnrin náà ní Àkúrẹ́ lòun wà, kí wọ́n bá ayálégbé òun sọ ọ́. Ọ̀gá ní kò burú, kó ṣáà pe orúkọ rẹ̀ ní kíkún fóun, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nítorí pé orí ìwé ìkìlọ̀ lòun ń kọ ọ́ sí.