Bí Ararọ̀mí Ṣe Lè Bọ́ sí Bayelsa Lẹ́yìn Update Kan

Ararọ̀mí mélòó lẹ mọ̀ nílẹ̀ Yorùbá? Ó pọ̀ díẹ̀, àbí? Èyí tí mò ń sọ lónìí ni ti etí òkun, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Èèyàn lè fi orúkọ júwe rẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà ń lò: nǹkan bíi dìgírì 6.3 sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì, ìyẹn ìlà ìbú. Àti dìgírì 4.5 sí ìlà-oòrùn Greenwich, ìyẹn ìlà òró.

Nọ́ńbà méjì péré ni. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé: èwo ló yẹ kó ṣáájú?

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa GDAL. Láíbìrárì ni, ìyẹn àkójọ kóòdù tí àwọn kan ti kọ sílẹ̀ tí àwa yòókù kàn ń pè wá ṣiṣẹ́. Frank Warmerdam ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1998. Tẹ́ ẹ bá ti lo QGIS láti ya máàpù rí, ẹ ti lo GDAL láìmọ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlà òró ni GDAL máa ń kọ́kọ́ gbà, kó tó kan ìlà ìbú: 4.5, 6.3. Ṣùgbọ́n nínú ìwé òfin àwọn tó ń ṣètò ìlànà yìí, tí wọ́n ń pè ní EPSG:4326, ìlà ìbú ló ṣáájú. Nígbà tí GDAL 3.0 jáde ní oṣù karùn-ún 2019, wọ́n tẹ̀ lé ìwé òfin náà. Wọn ò fi pamọ́ o. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àlàyé tó bá ẹ̀dà tuntun náà wá. Ta ló wá kà á?

Ẹ wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Kóòdù yín àtijọ́ ṣì ń fi 4.5, 6.3 ránṣẹ́. GDAL tuntun kà á sí dìgírì 4.5 sí àríwá, 6.3 sí ìlà-oòrùn. Ibo nìyẹn? Agbègbè Nembe, ní ìpínlẹ̀ Bayelsa, nǹkan bíi 280 kìlómítà sí Ararọ̀mí!

Ká ní Tokyo ni, àṣìṣe náà á tètè hàn, torí ìlà òró ibẹ̀ lé ní 139, bẹ́ẹ̀ sì ni ìlà ìbú kankan kì í kọjá 90. Ká ní Ìbàdàn ni, ẹ máa rí i pé ìlú bọ́ sínú òkun, ẹ̀rín á pa yín. Ṣùgbọ́n Nembe náà, omi ni, ẹrẹ̀ ni, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀ bíi ti Ìlàjẹ. Ojú lè má tètè fura. Kóòdù ò sì ní pariwo, torí kò sí ohun tó bàjẹ́ lójú tiẹ̀.

Kí ló ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀? Òkun ń jẹ ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Ayétòrò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá fẹ́ fi àwòrán sátẹ́láìtì wọn bí etí òkun ṣe ń sún wọlé, tó fi GDAL 2 ṣe ti àtẹ̀yìnwá, tó fi GDAL 3 ṣe ti ìsinsìnyí, ìyàtọ̀ tó máa rí lè má jẹ́ iṣẹ́ òkun rárá. Iṣẹ́ update ni. Ta ló máa wá gba àwọn ará ibẹ̀ gbọ́ lọ́jọ́ mìíràn?

Kí ni ṣíṣe, nígbà náà? Ẹ má sá fún update, torí ẹ̀dà àtijọ́ náà ní ewu tirẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ wo nọ́ńbà tó ṣáájú. Láti 2 sí 3 kì í ṣe àtúnṣe kékeré. Ẹ ka ìwé àlàyé rẹ̀. Títí tẹ́ ẹ fi máa kà á tán, ẹ kọ `gdal<3` sínú àkójọ ohun tí iṣẹ́ yín ń lò, kó má baà yí padà mọ́ yín lọ́wọ́.

Èkejì, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ síta. Nínú pyproj, tó jẹ́ aládùúgbò GDAL:

`t = Transformer.from_crs("EPSG:4326", "EPSG:32631", always_xy=True)`

`x, y = t.transform(4.5, 6.3)`

`always_xy=True` yẹn ń sọ pé ìlà òró ló máa ń ṣáájú, ẹ̀dà yòówù kó jẹ́.

Ẹ̀kẹta, òun ló ṣe pàtàkì jù: ẹ ní ibì kan tẹ́ ẹ mọ̀ dájú, kẹ́ ẹ sì máa fi dán kóòdù wò lẹ́yìn gbogbo update. Fún Ararọ̀mí, x gbọ́dọ̀ sún mọ́ 666,000 mítà, kí y sún mọ́ 697,000. Tẹ́ ẹ bá rí 866,000 àti 498,000, ẹ dúró ńbẹ̀ o! Nembe lẹ wà yẹn.

Ẹ̀yin náà, ẹ mú ibì kan: ilé ìyá yín, ilé ìwé yín, èbúté àdúgbò yín. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ lónìí, kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì update.