Ojúṣe Ẹbí àti Ìràpadà nínú Ìwé Rúùtù

Àwọn kan a máa sọ pé ńṣe ni Bóásì ṣú Rúùtù lópó. Ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí ó jọ ń gbé ni Diutarónómì 25 ń bá wí. Bóásì kì í ṣe arákùnrin Málónì, ìbátan baba rẹ̀ ni. Ìràpadà ilẹ̀, tí Léfítíkù 25 là sílẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé dé ẹnubodè. Ìbátan tí ó súnmọ́ wọn jù gbà láti ra ilẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbọ́ pé opó wà ńbẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó yọwọ́, kí ogún tirẹ̀ má bàa bàjẹ́. (Kò sí ẹni tí ó tutọ́ sí i lójú, bí Diutarónómì ti pàṣẹ.) Òǹkọ̀wé tí ó dárúkọ òkú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dárúkọ ọkùnrin yìí: “lágbájá” ni Bóásì pè é.